Ọdẹ́rìndé Lọ Kọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Olójúdígí

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí ibi fìdí lé. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u, torí bí ìtàn yìí bá ti gbéra, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni, Olúọdẹ Igbọ́pẹ, ẹni tó rin ìrìn tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í rìn, tó sì fi ẹnu tó gùn ju ọ̀nà náà lọ padà wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, bí àdúgbò bá ti pé jọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá ń sọ ọ́, àwọn iwin inú rẹ̀ a máa ga sí i lọ́dọọdún. Mo ti bá a gé wọn kúrú díẹ̀. Ohun tó kù, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀ tí ọ̀pẹ pọ̀ sí ni Igbọ́pẹ. Láyé àwọn bàbá Ọdẹ́rìndé, àwọn ará ibẹ̀ ń jẹun lọ́jọ́ kan nígbà tí àwọn àlejò yọ láti ẹ̀yìn omi. Olójúdígí ni wọ́n ń pè wọ́n, torí pé dígí ni ẹyinjú wọn. Bí wọ́n bá ń wò ọ́, wàá rí ara rẹ nínú rẹ̀, àmọ́ kékeré báyìí lo máa ń rí níbẹ̀. Àwọn ará Igbọ́pẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Wọ́n ní, “Ẹ wá, ẹ bá wa jẹun.” Gbogbo wa la mọ èsì tó yẹ. Èèyàn á ní, “Á gba ibi ire o,” á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn Olójúdígí ò mọ èsì yẹn. Wọ́n jókòó. Wọ́n jẹun. Kí wọ́n tó dìde nídìí àwo náà, àwọn tó pè wọ́n ti kú, àwọn ọmọ wọn ti hu ewú, Olójúdígí ló sì ń pín ẹran fún onílé.

Nígbà tí wọ́n jàjà ní àwọn ń lọ, wọ́n fún Igbọ́pẹ ní àsíá, wọ́n kọ́ wọn ní orin kan, àgbà wọn tó ń jẹ́ Kòṣeémánìí sì dìde sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ wa,” ó ní, “òmìnira yín rèé. Ṣùgbọ́n a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè dá gbé. Nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí lónìí bá pààrọ̀ eyín, a óò padà wá bá yín ṣe àjọ̀dún. Bí òòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ náà, tí a rí ilé kan ṣoṣo tó ṣókùnkùn ní gbogbo ìlú yìí, tàbí ilé kan ṣoṣo tó ń fi òróró tiwa tan fìtílà, á jẹ́ pé ẹ ṣì kéré. A óò jókòó padà nìyẹn, a ò sì ní dìde mọ́.”

Ohùn rẹ̀ dùn débi pé gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, oyè ni wọ́n kọ́kọ́ pín. Mínísítà fún Ìkíni wà. Mínísítà fún Àga àti Tábìlì wà. Ẹni tó wá ga ju gbogbo wọn lọ ni Olóyè Látúnjí, Mínísítà fún Ìṣílé, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gé rìbọ́ọ̀nù. Bí kò bá sí ilé tuntun tí wọ́n máa ṣí, a máa ṣí èyí tó ti wà. Ó ṣí ọjà kan náà ní àṣítúnṣí. Ó ṣí afárá kan tí odò ti gbé lọ, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ létí omi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, òróró fìtílà tí wọ́n ń tàn, ọ̀dọ̀ àwọn Olójúdígí ni wọ́n ti ń rà á nínú agolo. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ òmìnira jókòó, ó rá, ó rìn. Lọ́jọ́ kan, ó jẹ àgbàdo sísun, ó ní eyín òun ń mì.

Ìgbà náà ni jìnnìjìnnì mú ìlú. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹranko kan wà nílùú àwọn Olójúdígí tó ń jẹ́ Kùùkẹ̀tẹ̀, tí òógùn ara rẹ̀ jẹ́ òróró. Ohun tó ń jẹ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó máa lọ mú un wá. Gbogbo Mínísítà gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Ọdẹ́rìndé, tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò lè gba irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́.

“Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa lọ.”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kò sí ẹranko tí apá mi ò ká ni.”

“Níwájú gbogbo ìlú?”

“Wọ́n kúkú pọ̀ níbẹ̀.”

“Ẹnu yín yìí ló ń gbé yín rìn. Ó dáa, ẹ máa lọ. Àmọ́ bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi wo ohun tí ẹran náà ń jẹ kí ẹ tó fà á wálé o. N ò lè máa bọ́ ẹran tí n ò mọ oúnjẹ ẹ̀.” Ó di èkùrọ́ sínú àpò ọdẹ rẹ̀, kó lè rí nǹkan jẹ lójú ọ̀nà.

Igbó Apọ́nlé ló kọ́kọ́ wọ̀. Iwin tó ń gbé ibẹ̀ kò léyín, kò léèékánná, ẹnu nìkan ló ní. Ẹnu náà a máa kí ẹni tó ń kọjá ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Onítọ̀hún á dúró gbọ́. Orí rẹ̀ á máa wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọlẹ̀, títí tó fi máa di ọ̀gán. Gbogbo ọ̀gán inú igbó yẹn, ènìyàn ńlá ni wọ́n nígbà kan. Bí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n ṣì ń mi orí.

“Ọdẹ́rìndé!” ni ẹnu náà ké. “Akọni ọkùnrin! Ìwọ tó pa ẹkùn lórí òkè!”

Orí Ọdẹ́rìndé wú. Ilẹ̀ ti gbé e mì dé kókósẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó bá àwọn ọ̀gán yòókù kẹ́gbẹ́, ó bá rántí nǹkan kan.

“Dúró ná. Ẹkùn méjì ni.”

“Ìwọ tó pa ẹkùn méjì lórí òkè!”

“Ọ̀kan lóyún.”

“Ìwọ tó pa ẹkùn méjì tí ọ̀kan lóyún, ìwọ tó—”

“O ò tíì mẹ́nu ba ìbọn. Kò sí ẹ̀tù nínú ìbọn yẹn. Igi ìdí ẹ̀ ni mo fi lù ú. Padà sẹ́yìn, kí o bẹ̀rẹ̀ látòkè, kí o sì sọ ọ́ bó ṣe yẹ.”

Iwin náà bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọdẹ́rìndé tún dá a dúró. Ó ní iwin fo ti ejò. Ó tún fo ti ọjọ́ tí erin sá. Àwọn ènìyàn ńlá tó ti kọjá níbẹ̀ kú torí pé ìyìn dùn mọ́ wọn. Ọdẹ́rìndé wa kò kú, torí pé kò tíì sí ìyìn kankan lágbàáyé tó tó o. Nígbà tí òòrùn fi máa dé àtàrí, ètè iwin ti bó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ.”

“A ò tíì dé ìgbà èwe mi.”

“Mo bẹ̀ yín lórúkọ ẹni tó bí yín. Ọ̀nà rèé.”

Ọ̀nà náà gbé e dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ẹranjókòó. Ní àárín ọjà, ó rí ẹranko irin kan tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi aṣọ àrán bò ó lẹ́yìn, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn. Inú Ọdẹ́rìndé dùn. Kùùkẹ̀tẹ̀ nìyẹn! Ṣùgbọ́n ẹranko náà kò mira. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú òòrùn jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin lára rẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o. Ẹran yín ń sùn ni?”

“Ó ń sinmi ni.”

“Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi?”

“Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí i. Àwọn Olójúdígí ló fi ta wá lọ́rẹ. Ó jẹun díẹ̀, eyín rẹ̀ kan wá ṣẹ́. A ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ní eyín ń bọ̀ lọ́nà.” Ọkùnrin náà tún kóòtù rẹ̀ ṣe. “Èmi ni Ọ̀gá Àgbà fún Dídúró de Eyín. Bàbá mi ló wà nípò náà kó tó fẹ̀yìn tì.”

“Ẹ ò kúkú ní kí alágbẹ̀dẹ yín rọ òmíràn?”

Gbogbo ọjà yíjú wò ó bí ẹni pé ó bú ọba. Ọ̀gá Àgbà rẹ ohùn sílẹ̀.

“Alàgbà, wọn ò gbà ká wo ẹnu ẹ̀.”

Ọdẹ́rìndé ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi jáde nílùú yẹn. Fún ẹni bíi tirẹ̀, àìsàn gidi ni.

Níwájú odi ìlú àwọn Olójúdígí, ìyá arúgbó kan jókòó, ojú méjì níwájú, ojú méjì lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè já àlọ́ rẹ̀ á di òpó, á dara pọ̀ mọ́ àwọn òpó tó gbé ẹnubodè dúró. Arúgbó náà tún jókòó dáadáa.

“Àlọ́ o. Ó jáde nílé yín ní ìhòòhò. Ó dé òkè òkun, ó wọ aṣọ. Ìgbà tó padà dé, ẹ ò dá a mọ̀ mọ́, ẹ wá ń kúnlẹ̀ kí i. Kí ni o?”

“Ìyẹn náà lẹ tún ń pè lálọ́? Àbúrò ìyàwó mi ni! Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ìgbà tó dé, ó wọ kóòtù, ó fi imú sọ̀rọ̀, bàbá tó bí i lọ́mọ ń pè é ní sà.”

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “O súnmọ́ ọn,” ó ní, “torí ẹ̀rín yìí, mo fún ọ láyè kan sí i. Bí o bá tún kùnà, òpó ni ọ́.”

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀. Kó má baà di òpó pẹ̀lú ebi nínú, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bu èkùrọ́ tí Àwẹ̀ró dì fún un, ó ń rún un. Òróró rẹ̀ yọ sí i lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ògiri. Bí òòrùn ṣe kan ibẹ̀, ògiri ń dán. Ó wo ògiri. Ó wo fìtílà tó ń jó lórí ẹnubodè ní ọ̀sán gangan, bí ẹni pé òróró ò lè tán láyé. Ó rántí gbogbo àpò èkùrọ́ tó ti rí nínú ọkọ̀ ojú omi láti kékeré, tó ń lọ tí kì í bọ̀. Ó dìde dúró.

“Èkùrọ́ ni! Èkùrọ́ wa ni! Agolo ni aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un!”

Arúgbó náà ṣí ẹnubodè. Inú Ọdẹ́rìndé ò dùn rárá bó ṣe ń wọlé. Ó ń wá nǹkan tó máa gbá létí.

Kòṣeémánìí gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó mú un wọ inú ilé ńlá kan, níbi tí Kùùkẹ̀tẹ̀ dúró sí tó ń ké: kùù-kẹ̀tẹ̀, kùù-kẹ̀tẹ̀. Ilẹ̀ ń mì. Èkùrọ́ ń wọlé lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, òróró ń ṣàn ní ìhà rẹ̀ bí odò kékeré.

“O fẹ́ ẹ?” ni Kòṣeémánìí wí. “Mú ọ̀kan lọ. Ẹ̀bùn ni. Ìwọ nìkan la ó máa dárúkọ, pé Ọdẹ́rìndé ló mú ẹran wálé.”

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa dùn tó létí Ọdẹ́rìndé. Itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọkùnrin tó wọ kóòtù.

“Eyín ẹ̀ ńkọ́?”

“Eyín ẹ̀?” Kòṣeémánìí rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọ̀dọ̀ wa leyín ẹ̀ ń gbé.”

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan rá jáde láti abẹ́ ẹranko náà, ó dúdú fún gíríìsì láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gíríìsì náà ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́rìndé kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ kú làálàá.” Gíríìsì dúró gbọnin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i nílùú yẹn, kò sẹ́ni tó kí i fún iṣẹ́ rí. Ooru bo dígí ojú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, Ọdẹ́rìndé kì í fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé, ó ní ó le ju ti ẹkùn méjì lọ. Ó bọ́ fìlà Olúọdẹ lórí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí òun lè bí. Ó yọ obì àti ìgò ọtí tó gbé wá láti Igbọ́pẹ nínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó gbé wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ọ̀gá mi, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ ni mo wá kọ́.”

Kòṣeémánìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Gbà á, jàre! A ti rí ẹni tó máa gbá ilẹ̀!” Gíríìsì bá mú obì, ó jẹ ẹ́, ó ní, “Ó dáa, ọmọ iṣẹ́ mi ni ọ́ láti òní.” Wọn ò mọ̀ pé obì Igbọ́pẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ kó gbàgbé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lórí iṣẹ́, kò lè fi ohun kan pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá sì tó àsìkò, ó gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún un, kó ṣe fírídọ̀mù fún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, obì náà á máa sọ̀rọ̀ láti inú ikùn.

Bẹ́ẹ̀ ni Olúọdẹ Igbọ́pẹ di ọmọ iṣẹ́. Ó gbálẹ̀. Ó fọ aṣọ gíríìsì. Ó ru oúnjẹ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó ru àwo bọ̀. Ẹni tó ní ọmọ-ọmọ nílé, “ọmọ yìí” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa gbọ́ ti ẹkùn, ó ń sọ ọ́ fún àwọn ìdè irin bó ṣe ń dè wọ́n. Wọ́n rán an wọ ikùn Kùùkẹ̀tẹ̀. Ooru ibẹ̀ jó irùngbọ̀n rẹ̀, ẹran náà bu apá rẹ̀ jẹ, ó ṣubú sínú òróró gbígbóná, ó jáde, wọ́n tún rán an padà. Lójoojúmọ́ ló ń retí láti rí ẹ̀mí àìrí tó wà nínú rẹ̀. Kò rí ẹ̀mí kankan. Irin ló rí, ó rí iná, ó rí omi tó ń hó. Ó rí bí èyí ṣe ń ti ìyẹn. Lọ́jọ́ tí eyín ẹran náà ṣẹ́, tí Gíríìsì rọ òmíràn níṣojú rẹ̀, òun nìkan bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú.

Nígbà tó kọ́ ọ tán, Kòṣeémánìí ní kò sí ohun tó ń jẹ́ fírídọ̀mù. Ikùn Gíríìsì sì lọgun: “Tú u sílẹ̀! Tú u sílẹ̀!” Kò dákẹ́ nídìí oúnjẹ, kò dákẹ́ níwájú àwọn àgbà ìlú, títí Gíríìsì fi kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, tó gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Ó lè lọ,” ni Kòṣeémánìí wí tìbínú-tìbínú, “ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú ìṣó kan dání.” Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tú àpò rẹ̀, wọ́n tú bàtà rẹ̀, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Wọ́n yọjú wo inú etí rẹ̀ pàápàá. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ní Igbọ́pẹ, Olóyè Látúnjí ti gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ó ta rìbọ́ọ̀nù sí ojú ọ̀nà, ó kó fèrè jọ, ó wọ agbádá tó tóbi ju yàrá lọ. Ọdẹ́rìndé yọ lókèèrè, òun nìkan, irùngbọ̀n jíjó, aṣọ gíríìsì lọ́rùn.

“Ẹran dà?” ni Látúnjí béèrè.

“Ó wà lórí mi.”

“Níbo lórí ẹ?”

“Inú ẹ̀ ni. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ fún mi.”

Àwọn ènìyàn hó lé e lórí. Mínísítà fún Ìkíni kọ̀ láti kí i. Àwẹ̀ró já àárín wọn kọjá, ó wo ọgbẹ́ apá ọkọ rẹ̀, ó wo ìka rẹ̀ tó ti le bí igbá.

“Kí ló ń jẹ?”

“Èkùrọ́, Àwẹ̀ró. Èkùrọ́ wa yìí náà ni.”

Ó wò ó títí. “Ẹ wọlé wá jẹun. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ohun tí ẹ kọ́ hàn mí.”

Ó fi í hàn án, ó sì fi kọ́ alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ilé kan lọ, ni Àwẹ̀ró bá ní kí wọ́n fi ṣe àáró, bí wọ́n ṣe ń ṣe lóko: lónìí gbogbo agboolé á wá ṣiṣẹ́ fún ọ, lọ́la gbogbo yín á lọ ṣe tẹlòmíì. Agboolé kan wá fẹ́ná. Òmíràn wá fa irin. Àwọn amọ̀kòkò mọ ìkòkò tí omi á ti máa hó. Ẹranko tí wọ́n ṣe náà kúrú, ó wọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì ń wúkọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tu èkùrọ́ kan jáde, ó sì ba fìlà Olóyè Látúnjí.

“Èyí ò dán,” ni Látúnjí wí, ó ń wá fìlà rẹ̀ nílẹ̀. “N ò lè gé rìbọ́ọ̀nù sí nǹkan báyìí lára.”

Kùùkẹ̀tẹ̀ wọn ké: kùù-kẹ̀tẹ̀. Òróró yọ tótó. Gbogbo ìlú hó yèè. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró kan, kànú! Eyín ẹran ṣẹ́.

Àwọn kan ti ń kó àga wọn lọlé. Alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀, ó mú eyín náà, ó yí i wò. “Ó gbẹ jù ni,” ó ní. “Ẹ fẹ́ná.” Kí iṣu tó wà lórí iná nílé Àwẹ̀ró tó jinná, eyín tuntun ti wọlé, ẹran ti ń jẹun padà. Ní tòótọ́, wákàtí yẹn gan-an ni ọrọ̀ wọ Igbọ́pẹ. Àwọn ènìyàn ti rí ẹnu ẹran wọn, wọ́n ti wò ó délẹ̀délẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ò bà wọ́n mọ́.

Èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e ò wúkọ́. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn ga jù ú lọ. Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Wọ́n fi òróró ṣe ọṣẹ tó ń hó bí ẹ̀rín, wọ́n fi èèpo èkùrọ́ dáná. Àwọn tó ti sá lọ sí ìlú òkèèrè lọ gbálẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni gbọ́ ìró kùù-kẹ̀tẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n padà sílé. Ará Ẹranjókòó wá kọ́ṣẹ́, Ọ̀gá Àgbà fún Dídúró de Eyín ló ṣáájú wọn, ó ti bọ́ kóòtù. Ọ̀nà ọjà fẹ̀ sí i fúnra rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó pọ̀ lórí rẹ̀. Kò sì sí àpò èkùrọ́ kankan tó tún wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Ọmọ ọjọ́sí ti pààrọ̀ eyín, ó ń fi èyí tuntun rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Àwọn Olójúdígí dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó ibùsùn wọn dání, wọ́n kó àga, wọ́n kó ìkòkò ọbẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó kalẹ̀. Òòrùn wọ̀. Fìtílà kan tàn nítòsí odò, òmíràn tẹ̀lé e, iná ń gun òkè bí ìgbà tí wọ́n ń tú ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Kòṣeémánìí ń ti ilé dé ilé, ó ń gbóòórùn fìtílà. Òróró tiwọn kì í rùn, ti Igbọ́pẹ a máa ta sánsán bí èkùrọ́ yíyan. Ojúlé sí ojúlé, sánsán ló ń gbọ́. Ojú rẹ̀ ń pọ́n.

Àfi ilé kan. Ilé Olóyè Látúnjí, tó ga ju gbogbo ilé lọ, dúdú kirikiri.

Ọdẹ́rìndé àti Àwẹ̀ró sáré débẹ̀. Olóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà, agolo òróró Olójúdígí wà lábẹ́ agbádá rẹ̀.

“Olóyè, ẹ tan iná!”

“Òróró tiyín ń rùn,” ni Látúnjí wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. “Fìtílà mi, òkè òkun ni mo ti rà á. Tí àwọn àlejò bá wọlé, tí wọ́n gbóòórùn èkùrọ́ ní pálọ̀ Mínísítà ńkọ́?”

“Ìlú ń bọ̀ wá bàjẹ́ lórí imú yín!” Ọdẹ́rìndé gbé ọwọ́ sókè. Àwẹ̀ró di ọwọ́ náà mú. Àwọn Olójúdígí ti yọ ní orígun, Kòṣeémánìí ti rí ilé náà, ó ti ń nu àga rẹ̀ kó lè jókòó.

“Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, ẹ fi Olóyè sílẹ̀,” ni Àwẹ̀ró wí jẹ́ẹ́. “Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo ilé ti tàn, àwọn ní kò sẹ́ni tó tíì ṣí iná ìlú ní gbangba. Ṣé ẹni kẹ́ni ló máa ṣí i ni? Olóyè, àbí mo ṣì í wí?”

Látúnjí gbójú sókè. “Ṣí i?”

“Iná gbogbo Igbọ́pẹ, sà. Níwájú àwọn àlejò òkè òkun. Wọ́n ti pé síbẹ̀ yẹn.” Ó fa ọ̀já tó fi gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n ya lẹ́tìí, ó ta á sí ẹnu ọ̀nà. “Rìbọ́ọ̀nù rèé.”

Agolo já bọ́ lábẹ́ agbádá, òróró rẹ̀ ṣàn lọ sínú gọ́tà, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Àwẹ̀ró ti bu òróró èkùrọ́ sí fìtílà. Látúnjí tún fìlà ṣe, ó wú ikọ́, ó gé ọ̀já náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tanná. Ilé náà mọ́ rokoṣo láti ìsàlẹ̀ dókè. Òórùn èkùrọ́ gba gbogbo òpópónà. Àwọn ènìyàn hó débi pé ẹyẹ fò lórí ọ̀pẹ. Olóyè ń juwọ́, ó rò pé òun ni wọ́n ń hó fún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kòṣeémánìí wà láàárín ọ̀nà, àga rẹ̀ lọ́wọ́. Kò rí ibi gbé e kalẹ̀.

Àwọn Olójúdígí bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù wọn padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú lójú ọ̀nà odò, ìmọ́lẹ̀ ò sì sí nínú fìtílà wọn. Láti ìgbà tí èkùrọ́ ò ti dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, òróró wọn ti ń tán lọ. Kòṣeémánìí padà wá sí ibi tí Àwẹ̀ró pàtẹ òróró rẹ̀ sí. Ó gbé fìtílà òfìfo kalẹ̀.

“Eélòó ni?”

Àwẹ̀ró dárúkọ iye tí a máa ń kọ́kọ́ dá lé ọjà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a ó ná wálẹ̀. Ó dúró kó ná an. Kòṣeémánìí kò ná ọjà rí láyé rẹ̀, ìgbàkígbà tó bá débẹ̀, òun ló ń dárúkọ iye. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó san gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n.

Àwẹ̀ró rọ òróró náà kún fìtílà. Lẹ́yìn náà, ó tún bu ìgbakọ kan lé e.

“Kí nìyẹn?” ni Kòṣeémánìí bi í, ó fà sẹ́yìn. “N ò sanwó èyí.”

“Èènì ni, bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí, ó ń nu ẹnu fìtílà náà fún un. “Gbogbo oníbàárà mi ni mò ń ṣe é fún. Kí ẹ lè tún padà wá rà.”